Aáwọ̀ Fáìlì Nígbà Ìsọdọ̀tun Ètò Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀-Ìperí Kan Kò Tó

1. Ìfáárà

Ní àárín ọdún ẹ̀kọ́ kan tí ó ti kọjá, àwa olùkọ́ mẹ́ta ní Ìlọrin forí korí láti to àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí kan sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Kí títẹ ọ̀rọ̀ má baà ni wá lára, a ṣí fáìlì tí ó ń sọ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan yóò kọ, a sì tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara wa. A gbé ẹ, ọ àti ṣ sí ibi tí ìka ti lè tètè bá wọn, a sì fi àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ sí ìtòsí wọn. Iṣẹ́ náà gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta. Ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, a sọ àwọn ètò inú ẹ̀rọ yìí dọ̀tun. Ẹ̀rọ dúró lẹ́ẹ̀kan, ó bi wá ní ìbéèrè kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa fáìlì kan tí a kò kà sí rárá. A dá a lóhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó parí, a tẹ ọ̀rọ̀ kan, àwọn bọ́tìnnì kò sì mọ̀ wá mọ́. Fáìlì tí a ṣe làálàá lé lórí kò sí níbẹ̀. Ti olùpèsè ni ó jókòó sí ipò rẹ̀. Nípa ti fáìlì yẹn, ẹ̀rọ kò bi wá ní ohunkóhun.

A kò ní dárúkọ ètò tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí pé ọwọ́ wa ni ẹ̀bi wà: ibi tí a fi iṣẹ́ wa sí kì í ṣe ibi tí a ń fi irú rẹ̀ sí. Ohun tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a fẹ́ ṣàlàyé ọ̀ràn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní èdè Yorùbá. Ẹnì kan nínú wa ní fáìlì méjì ni ó jà. Ẹnì kejì ní wọ́n kọlu ara wọn. Ẹnì kẹta ní wọ́n takora. Bí a ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ni ó hàn sí wa pé kì í ṣe ohun kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọ̀ràn yìí ti bo ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́lẹ̀, a sì fẹ́ gbé ìbòjú náà wọ inú èdè Yorùbá láìmọ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò gbìyànjú láti ṣe ohun mẹ́ta. A óò kọ́kọ́ ya àwọn ohun mẹ́ta náà sọ́tọ̀, kí á sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Lẹ́yìn náà, a óò wo bí àwọn ètò tí ó wà lóde òní ti ń yanjú wọn, kí á sì sọ èyí tí a gbà pé ó tọ́. Ní ìparí, a óò dábàá bí ó ti yẹ kí ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń ka Yorùbá.

2. Ìdì-ètò àti alámòójútó rẹ̀

Ètò kọ̀ǹpútà kì í sábà jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo. Fáìlì tí ń ṣe iṣẹ́ gan-an wà nínú rẹ̀. Àwòrán àti ìwé ìtọ́ni lè wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì tí ń sọ bí ètò náà yóò ti hùwà ní ilé oníkálukú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Olùpèsè a máa di gbogbo wọn pọ̀, a sì kọ orúkọ, nọ́ńbà ẹ̀dà àti àwọn ohun mìíràn tí ètò náà nílò sí ara ohun tí ó dì. Kí ni kí á pe ohun tí a dì yìí? Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni ẹrù. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a kò fi àmì ohùn sí, ẹrù, ẹrú àti ẹ̀rù kò yàtọ̀ lójú, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ẹrú tàbí ẹ̀rù níbi tí a gbé ń kọ́ ọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìdì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ìdì igi, sàn jù ú lọ, bí ó tilẹ̀ ní ìdí àti idì tí òun náà lè dàpọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí a fi so ó mọ́ ètò: ìdì-ètò. Ètò tí ń gbé ìdì-ètò wọlé, tí ń sọ ọ́ dọ̀tun, tí ń kó o jáde, tí ó sì ń kọ orúkọ gbogbo fáìlì tí ó bá wọlé sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ni a óò pè ní alámòójútó ìdì-ètò.

Ìtàn wọn kò pẹ́. Lẹ́yìn tí Linus Torvalds gbé Linux jáde ní ọdún 1991, Ian Murdock dá iṣẹ́ Debian sílẹ̀ ní ọdún 1993. Láti inú rẹ̀ ni alámòójútó tí à ń pè ní dpkg ti jáde. Red Hat bẹ̀rẹ̀ sí lo RPM ní ọdún 1995. Ní ọdún 2004 ni Ubuntu dé, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ Debian. Èdè àwọn Zulu àti Xhosa ni a ti mú orúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn ni ẹnikẹ́ni lè gbà láìsan owó, tí ó sì lè tún ṣe bí ó bá ti wù ú. Àǹfààní títún-un-ṣe yìí gan-an ni ó ń bí aáwọ̀ tí à ń wí: ohun tí a kò bá lè fọwọ́ kàn, a kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe aáwọ̀ lórí rẹ̀.

A yan ìsọdọ̀tun fún pípààrọ̀ ẹ̀dà àtijọ́ sí ẹ̀dà tuntun. Àwọn kan a máa lo ìgbéga. Ìgbéga ti ṣe ìdájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: ó ní tuntun ga ju ti àtijọ́ lọ. Ìsọdọ̀tun kò sọ ju pé ó jẹ́ tuntun. Fún ẹni tí ẹ̀dà tuntun ti gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré.

3. Oríṣi aáwọ̀ mẹ́ta

3.1 Àìlègbépọ̀. Èyí jẹ́ ti ìdì-ètò pẹ̀lú ìdì-ètò. Àwọn méjì lè wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wá ṣe, tí ẹ̀rọ kò sì lè gbà wọ́n papọ̀. Nínú Debian, fún àpẹẹrẹ, exim4 àti postfix, tí àwọn méjèèjì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, kì í gbé ẹ̀rọ kan náà. Àwọn olùpèsè fúnra wọn ni ó kọ ọ́ sára ìdì pé òun kò lè bá irú òun gbé. Alámòójútó ti mọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí fáìlì tí ó ṣègbé. A pè é ní àìlègbépọ̀ nítorí pé ibùgbé ni ọ̀ràn náà.

3.2 Ìforígbárí. Èyí jẹ́ ti fáìlì pẹ̀lú fáìlì. Ìdì-ètò méjì, tí olùpèsè wọn kò mọ ara wọn, gbé fáìlì tí orúkọ wọn jọ ara wọn wá sí ojú kan náà. Ẹsẹ̀ méjì kò lè wọ bàtà kan. Bí dpkg bá rí i pé fáìlì náà ti wà lórúkọ ìdì mìíràn, yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì sọ orúkọ ìdì tí ó kọ́kọ́ ni ín. RPM pẹ̀lú yóò kọ̀, àfi bí ohun tí ó wà nínú fáìlì méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà láìyẹ̀. Nígbà náà ni yóò jẹ́ kí ìdì méjèèjì jọ ni ín. Ọ̀rọ̀ tí a yàn, ìforígbárí, bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà mu: orí méjì pàdé lójú ọ̀nà tí ó gba orí kan.

Ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe ẹyọ kan. Olùpèsè lè kọ ọ́ sára ìdì tuntun pé ó ní àṣẹ láti gba fáìlì náà lọ́wọ́ ìdì àtijọ́. Èyí ni a pè ní ìgbapò. Alábòójútó ẹ̀rọ lè pàṣẹ pé kí fáìlì ìdì kan gba ibòmíràn lọ, kí òmíràn lè rí àyè. Èyí ni ìyàlọ́nà. Ní ti fáìlì tí kò sí lórúkọ ìdì kankan, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e síbẹ̀, àwọn alámòójútó kò fi ẹnu kò. Pacman, èyí tí Arch Linux ń lò, yóò kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n dpkg yóò gbé tirẹ̀ lé e láìwí nǹkan, bí kò bá ti jẹ́ fáìlì ìmúbáramu tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí.

3.3 Ìyapa. Èyí ni ó ṣòro jù, òun ni ó sì jẹ́ ìdí tí a fi ń kọ̀wé. Níhìn-ín, fáìlì kan ṣoṣo ni, ìdì kan ṣoṣo ni ó sì ni ín. Ṣùgbọ́n onílé ti tún un ṣe ní apá tirẹ̀, olùpèsè pẹ̀lú ti tún un ṣe ní apá tirẹ̀. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní ojú kan náà, wọ́n sì yapa. Kò sí ẹni tí ó gbógun ti ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ìjà àti ìkọlù kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ìtakora pẹ̀lú kò bá a mu, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá takora kò lè jẹ́ òtítọ́ papọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àtúnṣe onílé àti àtúnṣe olùpèsè lè dára lápapọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìyapa yóò béèrè ibi tí ọ̀nà ti yà, ìbéèrè yẹn gan-an ni ó sì ń yanjú ọ̀ràn náà.

Aáwọ̀ ni a fẹ́ kí ó máa jẹ́ orúkọ gbogboǹṣe fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí a bá ti nílò ìpéye, kí á pe oríṣi náà ní orúkọ rẹ̀.

4. Ẹ̀dà mẹ́ta tí ó yẹ kí á fi wéra

Àwọn fáìlì kan wà tí a pèsè fún kí onílé lè tún wọn ṣe: nínú wọn ni ó ti ń sọ èdè tí ẹ̀rọ yóò lò, ibi tí ìwé yóò ti jáde, ẹni tí ó ní àṣẹ láti wọlé. Èyí ni a pè ní fáìlì ìmúbáramu, nítorí pé òun ni a fi ń mú ètò bá ilé tí ó wọ̀ ramu. Nínú ìdílé Linux, inú fódà tí ń jẹ́ /etc ni wọ́n sábà máa ń wà. Fáìlì bọ́tìnnì tiwa kò sí nínú /etc. Inú /usr ni ó wà, láàárín ohun ìní olùpèsè. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kò fi bi wá léèrè.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyapa wà, fífi ẹ̀dà méjì wéra kò tó. Jẹ́ kí á sọ pé fáìlì tí ó wà lórí ẹ̀rọ yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìdì tuntun. Ta ni ó yí i padà? A kò lè mọ̀, àfi bí a bá ní ẹ̀rí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀dà mẹ́ta ni a nílò: ẹ̀dà ìpìlẹ̀, ẹ̀dà onílé àti ẹ̀dà olùpèsè. Alámòójútó kì í sábà fi ẹ̀dà ìpìlẹ̀ pamọ́ látòkè délẹ̀. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ni ó ń pa mọ́, èyí tí í ṣe nọ́ńbà kúkurú tí a ṣírò láti inú gbogbo ohun tí ó wà nínú fáìlì. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà, òǹtẹ̀ yóò yí padà. Láti ibẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà:

(i) Onílé kò yí nǹkan padà, olùpèsè kò yí nǹkan padà. Kò sí ohun tí a óò ṣe.
(ii) Onílé kò yí nǹkan padà, olùpèsè yí i padà. Kí ẹ̀dà olùpèsè wọlé, kí ẹ̀rọ má ṣe béèrè.
(iii) Onílé yí i padà, olùpèsè kò yí i padà. Kí ẹ̀dà onílé dúró, kí ẹ̀rọ má ṣe béèrè.
(iv) Àwọn méjèèjì yí i padà, àyípadà wọn kò sì jọra. Èyí nìkan ni ìyapa, ibẹ̀ nìkan sì ni ó yẹ kí ẹ̀rọ ti la ẹnu.

Dpkg ń tẹ̀lé ọ̀nà mẹ́rin yìí. Ní ti (iv), yóò dúró, yóò sì ní kí onílé yàn: kí ó gba ẹ̀dà olùpèsè, kí ó di tirẹ̀ mú, kí ó wo ìyàtọ̀, tàbí kí ó jáde lọ yẹ ọ̀ràn wò. Bí onílé bá tẹ bọ́tìnnì àìsọ̀rọ̀, ẹ̀dà onílé ni yóò dúró. Ìlànà Debian sọ ọ́ ní tààrà pé àyípadà tí onílé ṣe sí fáìlì ìmúbáramu kò gbọdọ̀ ṣègbé nígbà ìsọdọ̀tun.

RPM kì í dúró béèrè. Olùpèsè ni ó ń yàn ṣáájú. Ó lè kọ ọ́ pé kí ẹ̀dà tuntun wọlé, kí a sì fi ti onílé pamọ́ pẹ̀lú ìparí orúkọ .rpmsave, ó sì lè kọ ọ́ pé kí ti onílé dúró, kí a gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.rpmnew. Pacman pẹ̀lú a máa fi ti onílé sílẹ̀, a sì gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú .pacnew. Gentoo ń fi tuntun pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títí onílé yóò fi ní àyè láti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nix, tí Eelco Dolstra ṣàlàyé nínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 2006, gba ọ̀nà mìíràn pátápátá: ìdì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ tí a fi òǹtẹ̀ sọ lórúkọ, nítorí náà ìforígbárí kò ní àyè láti ṣẹlẹ̀ láàárín yàrá kan àti èkejì.

Èwo ni ó tọ́? Ìbéèrè dpkg ní ọ̀wọ̀ fún onílé, ṣùgbọ́n ó gbà pé onílé jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ní Ìlọrin àti ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ẹni tí ń sọ ẹ̀rọ dọ̀tun ń bá iná mànàmáná sáré, tàbí ó ń wo epo tí ó kù nínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ tí ó dúró de èsì fún wákàtí kan nígbà tí onílé wà ní kíláàsì lè pàdánù iná kí èsì tó dé, ìsọdọ̀tun yóò sì kù sí ààbọ̀. Lóòótọ́, dpkg ń ṣọ́ra: orúkọ tí ó parí sí .dpkg-new ni ó ń kọ́kọ́ fún fáìlì tuntun, kí ó tó yí orúkọ náà sí ti gidi, a sì lè pàṣẹ fún un lẹ́yìn náà pé kí ó parí ohun tí ó kù. Síbẹ̀, ní ojú tiwa, ẹ̀rọ tí ó di ẹ̀dà onílé mú, tí ó gbé ẹ̀dà olùpèsè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ṣe ìròyìn gbogbo ìyapa papọ̀ ní ìparí iṣẹ́, ni ó bá ipò wa mu jù. Dpkg pẹ̀lú lè ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ bí a bá ti pàṣẹ fún un ṣáájú pé kí ó di ti àtijọ́ mú.

Ọ̀nà tí ó dára ju gbogbo wọn lọ ni kí ìyapa má ṣẹlẹ̀ rárá. Kí olùpèsè ní fáìlì tirẹ̀ tí onílé kò ní fọwọ́ kàn. Kí onílé ní fódà tirẹ̀ tí olùpèsè kò ní wọ̀. Kí ètò kọ́kọ́ ka ti olùpèsè, lẹ́yìn náà kí ó ka ti onílé, kí ọ̀rọ̀ onílé sì borí níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ètò, systemd sì wà lára wọn, ti ń lo ọ̀nà yìí. Ká ní a mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, a kì bá ti fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sínú ilé onílé.

5. Àpẹẹrẹ láti inú àkọtọ́ Yorùbá

Olùkọ́ tí kò bá ti fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé ọ̀ràn yìí jìnnà sí òun. Kò jìnnà rárá. Ìsọdọ̀tun kan wà tí gbogbo wa ń gbé inú rẹ̀. Ìpàdé tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 fi ìlànà kan lélẹ̀ fún kíkọ èdè Yorùbá. Ìgbìmọ̀ tí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ yàn ní ọdún 1966 tún un yẹ̀ wò, ó sì jábọ̀ ní ọdún 1969. Ní ọdún 1974 ni a fọwọ́ sí ìlànà tí a ń tẹ̀lé ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní. Aiye di ayé, ẹiyẹ di ẹyẹ, enia di ènìyàn, nwọn di wọn.

Nínú ìwé kíkà ọmọdé, ọ̀nà (ii) ni: kò sí onílé tí ó ní àyípadà kan pàtó, nítorí náà ẹ̀dà tuntun wọlé, kò sì sí ẹni tí ó bínú. Orúkọ ìlú àti orúkọ ìdílé ni ó yàtọ̀. Kò jìnnà sí Ìlọrin, ìlú Ọ̀fà wà níbẹ̀. Ìlànà tuntun kò mọ kọ́ńsónáǹtì méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, síbẹ̀ Offa ni ó wà lára pátákó Federal Polytechnic tí ó wà níbẹ̀, òun náà ni ó sì wà nínú ìwé ìjọba. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì ń fi s àti h kọ orúkọ wọn níbi tí ìlànà ní kí á kọ ṣ. Ẹ̀dà onílé ni wọ̀nyí. Orúkọ wà lára ìwé ẹ̀rí, lára ìwé ilẹ̀, lára ìwé ìrìnnà. Bí a bá fi agídí pa á rọ́pò, ẹni tí ó ni ín lè dé ibi tí a kò ti ní mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sí ẹni tí ó fi tipátipá yí wọn padà, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà 1974 kò sì tìtorí èyí bàjẹ́. Ẹ̀dà méjèèjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: Ọ̀fà nínú ìwé ìmọ̀ èdè, Offa lára pátákó. Ẹni tí ó bá ti yé pé Offa kì í ṣe àṣìṣe ti mọ ohun tí .rpmnew wà fún.

6. Fáìlì tí orúkọ wọn jọra lójú

Ìforígbárí kan wà tí ó kan àwa tí ń kọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nínú ìlànà Unicode, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. A lè kọ ọ́ bí ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. A lè kọ ọ́ bí o, àmì abẹ́ àti àmì ìsàlẹ̀ ní ẹyọ mẹ́ta. A sì lè kọ ọ́ bí ò tí a wá fi àmì abẹ́ sí. Unicode ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan náà. Ojú pẹ̀lú kà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí Linux, tí ó ń wo nọ́ńbà orúkọ fáìlì ní oníkálukú, fáìlì mẹ́ta tí orúkọ wọn ń jẹ́ ọ̀rọ̀ lè wà nínú fódà kan ṣoṣo. Bí a bá kó wọn lọ sórí ẹ̀rọ Apple tí ó ń lo ọ̀nà ìpamọ́ HFS+, èyí tí ń tú gbogbo wọn sí ẹyọ kan náà kí ó tó pa wọ́n mọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò forí gbárí, ẹyọ kan ni yóò sì kù.

Ọ̀ràn kejì ṣòro ju èyí lọ. Àwọn ìwé kan ń lo tótó lábẹ́ lẹ́tà, U+0323. Àwọn mìíràn ń lo ìlà kékeré tí ó dúró, U+0329. Olùkọ́ èdè mọ̀ pé lẹ́tà kan náà ni. Unicode kò kà wọ́n sí ọ̀kan náà, kò sì sí ìtúpalẹ̀ tí yóò sọ ọ̀kan di èkejì. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún ẹni tí ń pèsè àkójọ ọ̀rọ̀, ìwé atúmọ̀-èdè tàbí ètò bọ́tìnnì fún Yorùbá ni kí ó mú ẹyọ kan, kí ó dúró tì í, kí ó sì lo lẹ́tà tí kò ní àmì fún orúkọ fáìlì tí yóò wọ inú ìdì-ètò. Àmì ohùn ṣe pàtàkì nínú ìwé. Nínú orúkọ fáìlì, ọ̀fìn ni fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

7. Bí ó ti yẹ kí ẹ̀rọ béèrè

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìbéèrè dpkg sí Yorùbá yóò bá ìṣòro mẹ́ta pàdé. Èkínní ni bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá bi Yorùbá pé, “Ṣé ẹ kò fẹ́ ti tuntun?” tí ó sì dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni,” ohun tí ó sọ ni pé òun kò fẹ́, Gẹ̀ẹ́sì a máa dáhùn lódì kejì. Nítorí náà, kí á má ṣe fi bẹ́ẹ̀ ni béèrè ohun tí ó lè pa iṣẹ́ ènìyàn rẹ́. Kí á lo ọ̀rọ̀-ìṣe.

Èkejì ni lẹ́tà tí a óò tẹ̀. Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì ń lo Y, I, N, O, D àti Z. Lọ́wọ́ ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n, D ni kí ẹ̀rọ fi ìyàtọ̀ hàn. Bí a bá wá lo D fún “dì í mú,” ọwọ́ rẹ̀ yóò tàn án jẹ. Ó yẹ kí á yan lẹ́tà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀. Ìránṣẹ́ ni ó jẹ́. Ẹ ni kí ó máa lò, kì í ṣe o. Ọmọdé kò ní bínú pé a bọ̀wọ̀ fún òun, ṣùgbọ́n inú àgbàlagbà kò ní dùn sí ẹ̀rọ tí ó pè é ní ìwọ.

Àbá wa nìyí:

Fáìlì ìmúbáramu yìí ti yapa. Ẹ ti tún un ṣe láti ìgbà tí ó ti wọlé; olùpèsè pẹ̀lú ti tún tirẹ̀ ṣe.
G: kí n gba ẹ̀dà olùpèsè
P: kí n pa ẹ̀dà tiyín mọ́
W: kí ẹ wo ìyàtọ̀
Bí ẹ kò bá yan ọ̀kankan, ẹ̀dà tiyín ni yóò dúró.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni a pè ní èsì-ìdákẹ́, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí onílé bá dákẹ́. Bí ó bá wà nínú ìbéèrè, onílé tí kò ní àyè láti ronú kò ní pàdánù ohunkóhun.

8. Àgbálọgbábọ̀ ọ̀rọ̀

A gbé àwọn ọ̀rọ̀-ìperí wọ̀nyí síwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀-èdè fún àyẹ̀wò:

Aáwọ̀ fáìlì: orúkọ gbogboǹṣe fún oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Àìlègbépọ̀: ìdì-ètò méjì tí kò lè wà lórí ẹ̀rọ kan.
Ìforígbárí: fáìlì ìdì méjì tí ó ń du ojú kan.
Ìyapa: fáìlì kan tí onílé àti olùpèsè ti tún ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
Òǹtẹ̀ fáìlì: nọ́ńbà kúkurú tí a fi ń dá ohun tí ó wà nínú fáìlì mọ̀.
Ìgbapò: àṣẹ tí ìdì kan ní láti gba fáìlì lọ́wọ́ ìdì mìíràn.
Ìyàlọ́nà: mímú fáìlì ìdì kan gba ibòmíràn lọ.
Ìhunpọ̀: fífi ẹ̀dà ìpìlẹ̀ ṣe atọ́nà láti mú àtúnṣe onílé àti ti olùpèsè wọ inú fáìlì kan.
Èsì-ìdákẹ́: ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí onílé kò bá fèsì.

Ìhunpọ̀ nìkan ni a kò tíì ṣàlàyé. Àwọn kan dábàá ìdàpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá dà pọ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́, bí ìgbà tí a da omi mọ́ ẹ̀kọ. Nínú iṣẹ́ tí à ń wí yìí, ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì ṣì mọ ibi tí ó ti wá. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ahunṣọ Ìlọrin nídìí òfì wọn mọ̀ pé òwú pupa kì í di òwú funfun nítorí pé wọ́n jọ wọ aṣọ kan. Nítorí náà ni a fi sọ pé ìhunpọ̀ ni.

Ní ti fáìlì bọ́tìnnì wa, a tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni ó gbà ní ìgbà kejì. A fi í sí fódà tiwa, a sì fi ẹ̀dà ìpamọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ mìíràn nínú ẹ̀ka wa. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ń lò ó nísinsìnyí kò mọ̀ pé ó ti ṣègbé rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá tún bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan, wọ́n ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìforígbárí àti ìyapa, wọn kò sì ní fèsì láìmọ ohun tí a bi wọ́n.